Abẹ Kì í Gé Koríko Tó Dùbúlẹ̀

Ẹni tó bá dé Ìgbó-Ìrè lálejò, tó sì bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bá ẹlẹ́ṣẹ̀ wí, kò ní í pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí kò ní í yé e. Bí ẹnì kan bá ti ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu ẹni tí orí rẹ̀ ti wà nílẹ̀, àgbà kan á wúkọ́, á ní, "Gbé e dìde ná; abẹ kì í gé koríko tó dùbúlẹ̀." Àlejò á wo ọ̀tún, á wo òsì. Ta ló ń gbé koríko dìde kó tó gé e? Ẹni tó fi àdá ṣán oko dàgbà mọ̀ pé ibi tí koríko bá sùn sí náà la ti ń lọ bá a. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àdá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Ògúnṣakin.

Nínú gbogbo abúlé tó yí Ìgbó-Ìrè ká, kò sí ẹni tó lè pọ́n irin bíi Ògúnṣakin. Àdá tó bá jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, irun apá ni yóò kọ́kọ́ fi dán an wò. Á fi ẹnu àdá náà ra apá òsì rẹ̀ lọ́ọ́lọ́ọ́, irun á fò lọ, awọ ara kò ní í mọ̀. Nígbà náà ni yóò rẹ́rìn-ín, á ní, "Mímú ni baba irin. Ohun tó bá mú, á gé. Ohun tí kò bá gé, kò mú ni." Ogójì ọdún ló ti ń sọ ọ́, irin kò sì já a nírọ́ lọ́jọ́ kan.

Lórí òkè tó kọjú sí ọjà ni ilé ìgbẹ̀bí ìlú wà. Ọgbà rẹ̀ fẹ̀, eèran àti gbégi ló sì kún inú rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta péré, koríko á gba orúnkún, ejò á sì máa wá ibi tí yóò fi ṣe ilé. Opó kan tó ń jẹ́ Àsímáwù, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Sàfú, ló ń tọ́jú ọgbà náà láti ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, àdá ló fi ṣe é, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ká tán. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Ìbàdàn fi ẹ̀rọ ìgékoríko kan ránṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ní táyà mẹ́rin, ènìyàn ń tì í bí ẹni ti ọmọlanke, ó ń mu epo bẹntiróòlù, abẹ gígùn kan sì ń yí bìrìbìrì lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ìyá Sàfú kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀rọ náà bí ìyá ti í mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ó mọ ohùn tó fi ń bẹ epo, ó mọ èyí tó fi ń sọ pé koríko ti pọ̀ jù.

Nígbà tó pé ọdún méjì, abẹ náà kò mú mọ́. Ìyá Sàfú tú u, ó fi àpò wé e, ó sì gbé e lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ.

Ògúnṣakin gbé abẹ náà síwá sẹ́yìn. Kò tí ì rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ló wà lára rẹ̀ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìparí rẹ̀ méjèèjì nìkan, níwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́, ni wọ́n pọ́n; àárín rẹ̀ nípọn, kò lè gé ẹ̀kọ. Èyí tó tún burú lójú rẹ̀ ni pé ní ìparí yẹn kan náà, ní ẹ̀yìn ibi tó mú, irin náà ká sókè díẹ̀, bí etí ajá tó gbúròó nǹkan.

"Wọ́n ti fi lu òkúta," ló wí.

Ó fi àtàǹpàkò kan ibi tó ká ní ìparí kan, ó fi kan ti ìkejì. Fún ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó dà bíi pé ọwọ́ náà fẹ́ sọ nǹkan kan fún un. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, òòlù sì wà nítòsí. Ó ti abẹ náà bọ iná, ó nà án gbọọrọ bíi rúlà, ó sì pọ́n ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin títí tó fi ń kọ mọ̀nà. Ó fi ra apá rẹ̀, irun sì fò lọ.

Nígbà tí Ìyá Sàfú padà wá, ó gbé abẹ náà lọ́wọ́, kò lọ.

"Bàbá, etí rẹ̀ ńkọ́?"

"Etí wo? Mo ti bá ọ nà án. Òkúta lo fi lù."

"Bàbá, bó ṣe wá nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. N kò fi lu òkúta rí."

"Ìyá Sàfú, máa gbé irin rẹ lọ. Ẹni tó ń ti ẹ̀rọ kọ́ ni yóò kọ́ ẹni tó ń rọ irin níṣẹ́."

Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ náà ké bó ti máa ń ké. Ìyá Sàfú tì í lọ, ó tì í bọ̀. Koríko ń wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó rìn dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun ọgbà, wọ́n ti ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn já ní orí. Àwọn yòókù kàn dùbúlẹ̀ kí ẹ̀rọ kọjá ni. Ó tún ibẹ̀ tì lẹ́ẹ̀kejì, ó tì í lẹ́ẹ̀kẹta, títí epo fi tán.

Ó padà sí ilé àgbẹ̀dẹ. Àwọn àgbẹ̀ tó wá pọ́n àdá ti jókòó yí Ògúnṣakin ká.

"Bàbá, ẹ má bínú," ló wí. "Tẹ́lẹ̀, bí abẹ yìí bá ń yí, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀. Koríko á kọ́kọ́ nàró ṣánṣán, abẹ á wá gé e, á sì fẹ́ ẹ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní báyìí, kò fẹ́ nǹkan kan mọ́. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni."

Ògúnṣakin yíjú sí àwọn àgbẹ̀ náà. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Afẹ́fẹ́ ló ń gé koríko, kì í ṣe irin! Ẹ máa kó àdá yín lọ sílé o, kí ẹ lọ fẹnu fẹ́ oko yín."

Ẹ̀rín gba ilé àgbẹ̀dẹ kan. Ìyá Sàfú náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí ènìyàn fi ń bo ojú ara rẹ̀.

Síbẹ̀, Ògúnṣakin kì í ṣe ọ̀lẹ. Bó ti ń fi obìnrin náà ṣẹ̀sín tó, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ nínú. Ó ronú pé bóyá abẹ náà fúyẹ́ ni. Ó mú irin sípíríǹgì ọkọ̀ ẹrù, ó rọ òmíràn tó wúwo ní ìlọ́po méjì. Ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kú. Kò lè yí i. Ó wá rọ èyí tó fẹ́lẹ́, tó mú débi pé ojú ń pọ́n ẹni tó bá wò ó. Kò tí ì rìn jìnnà tó fi kan òkúta wẹ́wẹ́ kan, tí ẹnu rẹ̀ sì fọ́ kéékèèkéé bí eyín arúgbó. Ní gbogbo ìgbà yìí, kò sí ẹni tó gbọ́ kí Ògúnṣakin sọ pé bóyá òun ni òun ṣì í. Abẹ tó nà gbọọrọ náà ni wọ́n padà dè mọ́ ẹ̀rọ. Koríko ń ga sí i.

Ní ọjọ́ Ajé kan, àwọn tó ń gbálẹ̀ rí paramọ́lẹ̀ tó ká jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí, níbi tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ti máa ń gbé ìkókó yá oòrùn. Wọ́n pa á. Ìyáàfin Fáṣínà, nọ́ọ̀sì àgbà, kò fi ọ̀rọ̀ náà jáfara. Ó ránṣẹ́ pe Ìyá Sàfú, ó sì ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ.

"Bàbá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé abẹ ni kò dára ni?"

Gbogbo òṣìṣẹ́ ló dúró tì wọ́n. Ògúnṣakin wo ojú wọn, ó ronú kan ogójì ọdún tí irin kò fi já a nírọ́.

"Kò sí ohun tó ṣe abẹ mi, Mọ́mì. Ọwọ́ tó ń ti ẹ̀rọ ni kò mọ̀ ọ́n tì."

Ìyá Sàfú yíjú wò ó. Ògúnṣakin gbé ojú sókè, ó ń wo páànù.

Nọ́ọ̀sì àgbà mí kanlẹ̀. "Ìyá Sàfú, ẹ̀mí ìkókó wà lọ́wọ́ mi. Bí ọgbà yìí kò bá mọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì, n óò wá ẹlòmíràn. Ẹ má bínú sí mi."

Ìyá Sàfú kò bínú sí i. Ó lọ sílé, ó gbé àdá rẹ̀ àtijọ́ jáde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ká náà ṣán an títí di Ọjọ́bọ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kó kan ògiri, paramọ́lẹ̀ mìíràn bù ú jẹ ní ọrùn ẹsẹ̀. Igbe kan ṣoṣo ló ké. Ọkọ̀ Ìyáàfin Fáṣínà ni wọ́n fi sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ìrìn wákàtí kan sí Ìgbó-Ìrè. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ náà ti wú bí ìdí ọ̀pẹ, obìnrin náà kò sì mọ ẹni tó gbé e lé itan mọ́.

Wọ́n mú ìròyìn náà dé ilé àgbẹ̀dẹ. Ògúnṣakin gbé òòlù sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Ó dìde, ó da omi sí iná, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò tí ì ṣú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà, ó ní kó jẹ́ kí òun parí ọgbà náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyáàfin Fáṣínà rò pé àánú ló ń ṣe é. Àánú ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ rí i kí ẹ̀rọ náà gé koríko dáadáa lọ́wọ́ òun. Bó bá gé e, a jẹ́ pé ọwọ́ obìnrin náà ni kò mọ̀ ọ́n tì lóòótọ́, ọkàn òun yóò sì balẹ̀.

Ó fa okùn ẹ̀rọ, ẹ̀rọ dáhùn. Ó tì í pẹ̀lú gbogbo agbára apá alágbẹ̀dẹ. Ó rìn tó ogójì ẹsẹ̀ bàtà kó tó bojú wẹ̀yìn.

Koríko ń dìde. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọn ara wọn nù, bí ìgbà tí àwọn èèyàn bá kúnlẹ̀ kí ọba kọjá.

Ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kó máa ké, ó fi àyà lé ilẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀ láti òkèèrè. Ó rí i bí abẹ náà ti ń yí, tó ń tàn, tó mú. Ó tún rí koríko tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: gbogbo wọn ló fẹ̀yìn lélẹ̀ jẹ́jẹ́, abẹ tó lè fá irun apá sì ń kọjá lórí wọn. Bó bá tún mú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, kí ni yóò gé?

Ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí tó fi rántí àtàǹpàkò rẹ̀. Ibi méjèèjì tí irin náà ti ká bára mu. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ náà nìyẹn. Òkúta kì í lu irin ní ibi méjì kó ká dọ́gbadọ́gba. Ẹni tó rọ abẹ náà ló ká a bẹ́ẹ̀, kó lè máa fa afẹ́fẹ́ sókè bí ó ti ń yí, kí afẹ́fẹ́ sì gbé koríko nàró fún ẹnu abẹ. Obìnrin náà ti sọ ọ́. Ó ti sọ ọ́ ní èdè Yorùbá tó yéni, níwájú gbogbo èèyàn.

"Èmi ni mo nà án," Ògúnṣakin wí fún ilẹ̀.

Ó gbé abẹ náà lọ sílé àgbẹ̀dẹ, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ti etí méjèèjì bọ iná, ó ká wọn sókè. Ó ká wọn jù: nígbà tó dán an wò, ẹ̀rọ ń mí gúlegúle bí ẹni tó ń gun òkè, eruku àti yẹ̀pẹ̀ sì bò ó lójú. Ó dín in kù. Ẹ̀wẹ̀, apá kan ga ju èkejì lọ, ẹ̀rọ sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ó kan ìṣó mọ́ ògiri, ó fi ihò àárín abẹ náà kọ́ ọ, ó sì rí i tí apá kan rẹ̀ ń fà wálẹ̀. Ó fi fáìlì yún apá tó wúwo díẹ̀díẹ̀ títí abẹ náà fi dúró gbọọrọ lórí ìṣó láìtẹ̀ síbì kan. Ìparí rẹ̀ nìkan ló tún pọ́n. Kò sì pọ́n ọn fẹ́lẹ́ mọ́, kí òkúta má bàa fọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú ló tó ṣe é tán. Bó ti ti ẹ̀rọ náà wọ inú ọgbà, ìró rẹ̀ yàtọ̀. Ó ń hó bí afẹ́fẹ́ tó gba ojú ihò. Koríko nàró níwájú rẹ̀, wọ́n já, wọ́n sì tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyàngbò níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ ọkà. Ó bojú wẹ̀yìn. Ọ̀nà títẹ́jú kan ló wà níbẹ̀, tí kò sí ohun tó ń dìde níbẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ó parí ọgbà náà, ó jókòó lé ẹ̀rọ, ó fi aṣọ nu ojú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ bóyá òógùn ló ń nù.

Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n gbé Ìyá Sàfú padà wálé. Ẹ̀mí rẹ̀ bọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò ní í rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé e jókòó sí ìyẹ̀wù, ó fi ẹsẹ̀ lé àpótí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Ráfíù, jókòó tì í, àwọn ará ilé àti Ìyáàfin Fáṣínà sì wà níbẹ̀, nígbà tí Ògúnṣakin wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú obìnrin tó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ pátápátá.

"Èmi ni," ló wí. "Abẹ ni kò dára. Èmi ni mo bà á jẹ́, mo sì ti í sí ọ lọ́rùn."

Ráfíù fò dìde. Ráfíù kéré sí Ògúnṣakin lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó yọ "ẹ̀yin" kúrò lẹ́nu.

"Ìwọ! Agbéraga! Apànìyàn! Irun funfun lásán ló wà lórí rẹ, kò sí ọgbọ́n nínú rẹ̀! O fẹ́ sọ Sàfú di ọmọ òrukàn tọ̀tún tòsì! Ojú rẹ á fọ́! Òòlù ni yóò fọ́ ọ lórí!"

Ó ń sọ ọ́, ó ń dúró lé e lórí, kò sì fẹ́ dákẹ́. Ògúnṣakin fi iwájú orí lé sìmẹ́ǹtì. Ó ti múra láti gba ohunkóhun nígbà tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí èébú náà ti ń pọ̀ sí i, nǹkan àjèjì kan ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó ń kọjá lórí ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé, ó gbọ́ bí ọkàn òun ti ń sọ̀rọ̀ lọ́ọ́lọ́ọ́ pé, Ta ló ní kó wọ inú igbó láì wọ bàtà òjò? Ṣé èmi ni mo sin ejò? Bí ó bá ti bú mi tán, n óò dìde, n óò lọ, ó parí.

Nígbà náà ni Ìyá Sàfú sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò le.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e dìde ná."

"Kí n gbé ta ni dìde?"

"Bàbá. Ẹ gbé wọn dìde. Abẹ kì í gé koríko tó dùbúlẹ̀. Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀, kò sì sí èyí tó kàn wọ́n."

Ráfíù wo àbúrò rẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó di apá àgbàlagbà náà mú, ó gbé e nàró. Wọ́n fún un ní àga tó kọjú sí Ìyá Sàfú, wọ́n sì bu omi fún un mu. Ó mu ún. Ojú rẹ̀ àti ojú obìnrin náà wá wà lọ́gbọọgba.

"Bàbá," Ìyá Sàfú wí, "mo mọ iṣẹ́ yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Kò sí irin tí ẹ rọ fún mi rí tó já mi kulẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe gbé abẹ náà wá fún yín. Mo sọ ohun tí ojú mi rí fún yín, ẹ fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Mo gbà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Mọ́mì nọ́ọ̀sì béèrè, ọwọ́ yín ti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo wò yín lójú. Ẹ̀yin wo páànù. Kí ló dé tí ẹ kò lè wò mí, Bàbá?"

Kò bú u. Kò gbé ohùn sókè. Gbogbo àwíjàre tí Ògúnṣakin ti ń kó jọ nígbà tó wà nílẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn kò rí alágbẹ̀dẹ kó sunkún rí, pàápàá irú ẹkún bẹ́ẹ̀ tí kò ní ariwo.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀rù bà mí ni. Mo rò pé bí irin bá já mi nírọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ohun tó kù fún mi."

"Ẹsẹ̀ mi tí kò lè ti ẹ̀rọ mọ́ ni ó kù fún yín," Ìyá Sàfú dá a lóhùn. "Ọgbà náà sì tún wà níbẹ̀ tó ń hù."

Láti ọjọ́ náà, Ògúnṣakin fúnra rẹ̀ ló ń ti ẹ̀rọ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Ìyá Sàfú a sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa sọ ibi tó kù fún un. Iṣẹ́ obìnrin náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá pọ̀ nílé àgbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ náà á gbé abẹ ẹlẹ́tí kan tó gbé kọ́ ògiri wálẹ̀, á ní kí wọ́n fọwọ́ kan ibi tó ká, á sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láì fi ara rẹ̀ pamọ́. Ìyáàfin Fáṣínà ló kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ Ìyá Sàfú fún ẹlòmíràn, nígbà tí nọ́ọ̀sì kékeré kan ṣe àṣìṣe tí gbogbo èèyàn fẹ́ fi èébú pa á. Láti ẹnu rẹ̀ ló ti dé ọjà, tó dé ààfin.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ ní Ìgbó-Ìrè, ẹ má rò pé àánú lásán ni wọ́n ń bẹ̀ fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Wọn kò ní kí ẹ má gé e. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín gé nǹkan lóòótọ́, ẹ gbé e dìde ná. Abẹ kì í gé koríko tó dùbúlẹ̀.